Ọwọ́ Tó Wọ Kèrègbè

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó mọ́. Àgbà tó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ á pa á, olóṣèlú tó ń wá ìbò á pa á, a sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan lásán: ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń wí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí ọwọ́ méjèèjì jọ gbé ẹrù kan náà. Ohun tó wà lórí pẹpẹ, bí ọmọdé fò títí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní í bà á, àfi bí àgbà bá bá a mú un. Ohun tó sì wà nínú kèrègbè, bó ti wù kí àgbà lágbára tó, ọrùn kèrègbè ò ní í gba ọwọ́ rẹ̀. Kálukú ló ní ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ nínú òwe náà nìyẹn: pé iṣẹ́ kan wà tí kò sí alágbára tó lè bá wa ṣe é.

Ìtàn Debian ni mo fẹ́ fi tú u. Debian jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tó máa ń gba àkóso kọ̀ǹpútà ní kété tí a bá ti tàn án, tó ń pín iṣẹ́ fún ojú ẹ̀rọ, fún kíbọ́ọ̀dù àti fún gbogbo ohun tí a bá ṣí sórí rẹ̀. Windows ni irú rẹ̀ tí a mọ̀ jù ládùúgbò wa. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni Windows. Kò sí ẹni tó ni Debian. Bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó tàn ká ayé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gba kọ́bọ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó ka kóòdù inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó dà á kọ fún gbogbo ará àdúgbò, kò sì sí òfin tó máa mú un.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún ní Ajangbadi, l'Ékòó níbí. Láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomaiko, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, òbí ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún JAMB, alájẹṣẹ́kù ń tẹ ìwé ìpàdé. Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, ọjà Àlàbá kò sì jìnnà. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá wádìí òwò ẹ̀rọ àlòkù l'Ékòó. Ìròyìn wọn ní bí 500 kọ̀ńténà ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté lóṣooṣù, pé àwọn oníṣòwò fúnra wọn sì sọ pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ṣe é lò, tí kò ṣe é tún ṣe. Èyí tó bá yè nínú rẹ̀, Windows tí ẹnì kankan ò sanwó rẹ̀ ni a sábà máa ń dà sínú rẹ̀. Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba àwọn ẹ̀rọ tó ti ṣáájú ọdún 2017, àfi díẹ̀ nínú wọn. Irin àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò tíì gbó. Debian á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí púpọ̀ nínú wọn, kódà lórí èyí tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dáyé? Ní 1983, Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun yóò kọ ètò kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo ayé, ó pè é ní GNU. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé Linux jáde, èyí tó jẹ́ àárín gbùngbùn tí ìyókù rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n ní láti kó wọn jọ fúnra rẹ̀, kó so wọ́n pọ̀, kó sì máa gbàdúrà. Àwọn tó kọ́kọ́ bá aráàlú dì wọ́n pọ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní SLS kún fún àléébù, kò sì sí ẹni tó ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Ian Murdock nínú. Ọmọ ogún ọdún ni, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Purdue ní Indiana. Ní August 16, 1993, ó kéde pé òun ti bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó gé orúkọ Debra, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó fi kún tirẹ̀, ó di Debian. Ó kọ ìwé kan láti ṣàlàyé èrò rẹ̀. Kókó inú rẹ̀ ni pé gbangba ni kí iṣẹ́ náà ti wáyé, kí àwọn tó ń lò ó jẹ́ àwọn tó ń ṣe é.

Murdock fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1996. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń tú ká. Nígbà tí ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ bá lọ, àwọn tó kù á máa wo ojú ara wọn. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Olóko ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ó pè wá, a bá a ro oko, ó fún wa lóúnjẹ, oko sì jẹ́ tirẹ̀. Àáró ní òfin ní tirẹ̀: mo bá ọ ṣe lónìí, o bá mi ṣe lọ́la, ẹni tó bá sì jẹ àáró tí kò san án, oko rẹ̀ á di igbó. Títí di 1996, iṣẹ́ Debian jọ ọ̀wẹ̀ tí Murdock bẹ̀. Bruce Perens, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ fíìmù Pixar, ló tẹ̀lé e lórí àga, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ àdéhùn sílẹ̀. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní July 1997. Debian yóò wà lómìnira títí láé. Ohun tí wọ́n bá ṣe, wọ́n á dá a padà fún àwọn tí wọ́n gba ti wọn lò. Wọn kò ní í fi àléébù pamọ́. Aráàlú tó ń lò ó ni wọ́n á máa kọ́kọ́ rò. Ní December 1998, wọ́n tún fọwọ́ sí òfin ìṣàkóso: ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan olórí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì lè para pọ̀ dìbò kí wọ́n yí ìpinnu olórí padà. Mo máa ń sọ fún àwọn tó rò pé inúure ló gbé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ró pé kí wọ́n lọ ka ìwé méjèèjì yìí. Inúure máa ń rẹ̀ èèyàn. Murdock kú ní December 2015, ọmọ ọdún 42 péré, iṣẹ́ náà kò sì dúró lọ́jọ́ kan.

A ti rí òdìkejì rẹ̀ nílé wa. Ní 2007, wọ́n ṣètò pé kọ̀ǹpútà kékeré Classmate 17,000 tí Nàìjíríà rà fún àwọn ilé-ìwé yóò lo Mandriva, irú Linux kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ní Faransé. Nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, François Bancilhon, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀, ó kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ariwo ta. Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ tí Mandriva fúnra rẹ̀ fi kógbá sílé. Ẹni tó gbára lé e kò ní ilẹ̀kùn tó máa kàn mọ́. Ohun tó yọ kóòdù náà nínú ewu ni pé ní 2010, ṣáájú kí ilé-iṣẹ́ náà tó wó, àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ti ya lọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Mageia.

Ọwọ́ ọmọ Áfíríkà wà nínú ìtàn Debian náà. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó ti ṣiṣẹ́ nínú Debian rí, gbé Ubuntu kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní October 2004, ó sì ń fi díìsìkì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè kárí ayé, Nàìjíríà náà gbà nínú rẹ̀, títí wọ́n fi dá a dúró ní 2011. Ní 2016, Yunifásítì Cape Town ni wọ́n ti ṣe àpérò ọdọọdún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 2020 sí 2024, ọmọ South Africa mìíràn, Jonathan Carter, ni wọ́n dìbò yàn ṣe olórí lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn pé wọn kò ní í fi àléébù pamọ́, a dán an wò. Ní May 2008, wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé àtúnṣe kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ṣe ní 2006 ti ba kọ́kọ́rọ́ ààbò jẹ́ lórí àìmọye ẹ̀rọ, wọ́n ní kí oníkálukú pààrọ̀ tirẹ̀. Ìtìjú ńlá ni, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ú lọ ni ti 2024. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú Linux tí kò lò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ó rẹ òun. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ń ràn án lọ́wọ́, ó ṣe é pẹ̀lú sùúrù títí wọ́n fi fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Ó wá gba ibẹ̀ dá ihò sínú ètò náà, ihò tí olè lè gbà wọ ẹ̀rọ tó bá ní in lórí.

Debian ní abala kan tí ohun tuntun máa ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Sid ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọmọkùnrin tó máa ń fọ́ ohun ìṣeré nínú fíìmù Toy Story. Orí sid ni Andres Freund, ẹnjiníà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ti ń dán iṣẹ́ tirẹ̀ wò nígbà tó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní kò tó nǹkan. Òun wá ìdí rẹ̀ títí ó fi kan ihò náà, ó sì kéde rẹ̀ ní March 29, 2024, kó tó dé ara Debian tí gbogbo ayé ń lò. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbára lé xz, kò sí èyí tó bá ọkùnrin tó ti rẹ̀ náà gbé ẹrù rẹ̀. Orí pẹpẹ ni ọwọ́ tiwọn wà.

Wàyí o, kèrègbè tiwa. Bí o bá ki fláàṣì tí Debian wà lórí rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ohun tó kọ́kọ́ máa bi ọ́ ni èdè tí o fẹ́. Èdè tó lé ní àádọ́rin ló wà níbẹ̀. Amharic ti Ethiopia wà níbẹ̀. Kabyle ti Algeria wà níbẹ̀. Dzongkha wà níbẹ̀, èdè ilẹ̀ Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan lórí òkè Himalaya tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Ìjọba wọn ló kó àwọn ọ̀dọ́ wọn jọ, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé irú Debian tó ń sọ Dzongkha jáde ní 2006. O lè wá Yorùbá títí dé ìsàlẹ̀, o kò ní í rí i. Èyí dùn mí gan-an. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ wá. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú ètò náà, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ á jáde bí ó ti yẹ, ẹ̀rọ náà sì ti mọ Yorùbá ní èdè Nàìjíríà. Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i tó dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa gbọ́ èdè wa. Ìtumọ̀ ni kò sí, akọni ní Helsinki tàbí Indiana kò sì lè bá wa ṣe é.

Àìsí wa níbẹ̀ ń ná wa ní nǹkan mìíràn. Debian 13, tó jáde ní August 2025, kò ní ohun tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà 32-bit mọ́, irú àwọn Pentium 4 tó kún Àlàbá nígbà kan. Ibi tí àwọn tó ń tọ́jú irú ẹ̀rọ kan bá ti dín kù nínú ẹgbẹ́ náà, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti máa ń tì. Bí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti Ajangbadi dé Àlàbá bá wà lára àwọn tó ń dán an wò, tí wọ́n ń jábọ̀ ohun tó bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbọ́ ohùn wa kí wọ́n tó pinnu.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà kò nílò owó ìjọba. Fáìlì lásán ni, yo.po ni yóò máa jẹ́. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, àlàfo wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ni yóò dí i. Ọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀: kí ni a ó máa pe pípín díìsìkì sí abala, kí ni a ó máa pe ọ̀rọ̀ aṣínà. Láàárín àwọn ọdún 1980, Ayọ̀ Bámgbóṣé, Ọládélé Awóbùlúyì àti àwọn onímọ̀ èdè ẹgbẹ́ wọn ti jókòó fún irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fún wa ní èdè-ìperí tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá títí dòní. Ní LASU, l'Ọ́jọ́ níbí, ẹ̀ka èdè Áfíríkà àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú ọgbà kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá láti ẹ̀ka méjèèjì fi ìsinmi kan ṣoṣo jókòó ti yo.po, kí olùkọ́ kan máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ìtumọ̀ jọ ní Debian. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.