Ìwo tí ń sọ̀rọ̀: Ìtàn giramafóònù àti gbohùngbohùn ní àríwá Èkìtì

Ní ọdún 1877, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ìhà méjì ayé. Ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín Èkìtì-parapọ̀ àti Ìbàdàn, èyí tí àwọn ènìyàn fi ìró ìbọn ńlá inú rẹ̀ sọ ní Kírìjì. Ní Amẹ́ríkà, Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ kan tí ó gba ohùn ènìyàn sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó sì tún un sọ jáde bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti sọ ọ́. Ìró ìbọn ni ó di orúkọ tí a fi ń rántí ogun náà títí di òní. Ohùn Ògèdèǹgbé àti ti Fábùnmi, oríkì tí a fi kì wọ́n lójú ogun, ìlù tí a lù tí ẹsẹ̀ fi ń yá, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó gba ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀. Kí ogun náà tó túká pátápátá ní ọdún 1893, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn ti di ohun títà lọ́jà ní Amẹ́ríkà. Ó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn tí a ì bá fẹ́ gbọ́ ti ń re ibi àgbà ń rè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ mú irú àrọ́bá kan wá tí àwọn baba wa kò mọ̀, èyí tí ẹnu olùsọ fúnra rẹ̀ ń wí lẹ́yìn tí ó ti kú. Ìtàn ẹ̀rọ náà ní àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, jẹ́ ìtàn ìwo kan. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn àwo orin àtijọ́ ń wí, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ mọ ìwo náà.

Iṣẹ́ tí ìwo ń ṣe

Emile Berliner ni ó sọ ẹ̀rọ Edison di èyí tí ń lo àwo pẹlẹbẹ, ní ọdún 1887, tí ó sì pè é ní giramafóònù. Abẹ́rẹ́ irin ń rìn nínú ìlà tí a gbẹ́ sára àwo. Bí ìlà náà bá ti ń yà sọ́tùn-ún sósì ni abẹ́rẹ́ ń mì, tí ó sì ń mi awọ kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Irin kíká ni ó ń yí àwo, a sì ń fi ọwọ́ wé e bí a ti ń wé aago.

Awọ kékeré nìkan kò lè gbé ohùn dé ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ń gbọ̀n lásán, afẹ́fẹ́ yóò yẹ̀ fún un, bí omi ti ń yẹ̀ fún ẹni tí ó fi ìka kan ṣoṣo wa ọkọ̀. Ìwo ni ó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ awọ náà ní ìdí rẹ̀ tóóró, tí ó sì ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi gba ẹnu rẹ̀ gbòòrò bọ́ sínú iyàrá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kàkàkí láàfin mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé àwọn onímọ̀ wá fi ìṣirò wá ìdí rẹ̀: Arthur Gordon Webster tẹ ẹ̀kọ́ nípa ìwo jáde ní ọdún 1919, àwọn tí ń ṣe giramafóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí ìwo ti ń fẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Ìṣirò náà fi ìṣòro kan hàn. Ohùn tí ó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìgbì tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 7, ẹnu ìwo tí yóò sì gbé e jáde dáadáa gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mítà 2 lọ. Kò sí ilé tí irú ìwo bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ láìjẹ́ pé a wó ògiri. Nítorí náà, gbogbo ìwo inú ilé ni ó ń fi ohùn tí ó wálẹ̀ jù lọ du olùgbọ́.

Ohùn Yorùbá nínú ìwo

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà náà kò tíì sí makirofóònù nínú iṣẹ́ náà. Iwájú ìwo ni akọrin ń dúró sí, ohùn rẹ̀ ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń gbẹ́ àwo. Ìwo kan gbà á, ìwo mìíràn tún un sọ fún ẹni tí ó ra àwo náà. Ohun tí ó lè gba inú irú ìwo bẹ́ẹ̀ kọjá wà láàárín nǹkan bí ìgbọ̀n 250 sí 2,500. Ohùn ọkùnrin àgbà tí ń sọ̀rọ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180.

Èyí yẹ kí ó ba akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá lẹ́rù. Èdè wa ni èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò jọ ara wọn, tí ó sì jẹ́ pé gíga àti ìlọsílẹ̀ ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí ìwo kò bá lè gbé ìgbọ̀n ìpìlẹ̀ ohùn jáde, báwo ni àwọn olùgbọ́ ṣe mọ ohun tí Àlùfáà náà ń wí?

Ìdáhùn wà nínú etí ènìyàn. Kì í ṣe ìgbọ̀n kan ṣoṣo ni ó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. Ìgbọ̀n ìpìlẹ̀ ni ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tò lé e lórí: ìlọ́po méjì rẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Bí ìyá kò bá tilẹ̀ sí ní ìjókòó, etí a máa ti ara àwọn ọmọ mọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbọ́ra wa yé lórí tẹlifóònù títí di òní. Nítorí náà, ìwo tí kò lè gbé ìlù ńlá jáde bí ó ti yẹ kò ba àmì ohùn Yorùbá jẹ́. Ìlù ni ó pàdánù jù: ẹni tí ó bá fi àwo ìgbà náà nìkan ṣe ẹ̀rí yóò rò pé àwọn onílù ìgbà náà kò lágbára, bẹ́ẹ̀ ìwo ni kò lágbára.

Bí ó ṣe dé àríwá Èkìtì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ Redifúṣọ̀n ní Èkó, tí wọ́n ń fi okùn wáyà gbé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ BBC wọ ilé àwọn tí ń sanwó oṣooṣù. Ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní ọdún 1939. Àwọn ènìyàn wo àpótí tí ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, tí kò sì gbọ́ ohun tí onílé ń sọ sí i, wọ́n pè é ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n ibi tí wáyà bá dé ni Asọ̀rọ̀mágbèsì ń dé. Giramafóònù kò béèrè wáyà, kò béèrè iná. Ẹni tí ó bá lè gbé e lérí, tí ó sì ní abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tí yóò fi wé e, lè gbọ́ ọ nínú oko kòkó. Èyí ni ó mú un bá àwọn ìlú bí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó mu nígbà tí iná mànàmáná ṣì jìnnà sí wọn. Rédíò oníbátìrì kékeré, tí ó di ohun títà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, ni ó wá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó yá.

Ohun tí ìwo náà mú wá kì í ṣe orin nìkan. Èdè Abẹ́òkúta àti ti Èkó ni ó pọ̀ jù lórí àwo, láti orin Ransome-Kuti dé orin jùjú tí Túndé King kọ fún ilé-iṣẹ́ Parlophone ní ọdún 1936. Ọmọ Èkìtì tí ń pe ilé ní ulé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ilé nínú ìwo lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ọ nínú Bíbélì àti ní ilé-ìwé. Ìwo wà lára àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní Yorùbá àjùmọ̀lò, a kò sì gbọdọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn.

Àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ ìwo

Ní ọdún 1925, makirofóònù àti iná wọ inú iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, Rice àti Kellogg ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé gbohùngbohùn oníbébà tí kò nílò ìwo. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ ìwo ti pé, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Gbohùngbohùn tí kò ní ìwo sábà máa ń sọ nǹkan bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná tí a fún un di ohùn. Èyí tí ó ní ìwo gidi lè sọ ìdá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di ohùn. Nígbà tí àwòrán sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí agbára iná ẹ̀rọ kò sì pọ̀, ìwo ni ó kún gbọ̀ngàn. Ní ọdún 1946, Paul Klipsch ṣe ìwo tí a ká sínú àpótí, tí ó sì ń lo igun ògiri méjì bí ẹnu rẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ lè jáde nínú ilé. Ní ọdún 1954, Edgar Villchur gbé àpótí kékeré tí a dé pa jáde, àwọn onílé sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ohùn ti ń jiyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japáànù. Àwọn kan ní ìwo nìkan ni ó ń mú ohùn dìde bí alààyè. Àwọn mìíràn ní ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ń ti imú sọ̀rọ̀. Ní àríwá Èkìtì, ìwo ti kúrò ní pálọ̀, ó ti gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ kò sẹ́ni tí ń jiyàn bóyá ohùn rẹ̀ dùn, ohun tí a fẹ́ ni kí ó dé òpin àdúgbò.

Àríyànjiyàn náà kàn wá ju bí ó ti jọ lọ. Àwọn àwo àtijọ́ tí ó kù nínú àpótí àwọn baba àgbà jẹ́ oje kòkòrò tí a ń pè ní shellac. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ni yóò fọ́: òwe yìí kì í ṣe àfiwé mọ́ fún ẹni tí ó bá di irú àwo bẹ́ẹ̀ mú. Ìwo sì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin tí ń gbé gbogbo agbára ìwo náà wúwo lórí àwo, ó sì ń jẹ ìlà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá lò ó. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ẹnu àwo náà gan-an ni ó ń pa á. Ẹni tí ó bá fi giramafóònù àtijọ́ gbọ́ àwo kan ṣoṣo tí ó kù láyé nítorí pé ohùn rẹ̀ jọ ti àtijọ́, ó ti pa ìyá adìyẹ nítorí ẹyin.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ju ẹ̀rọ náà sí ààtàn nítorí pé abẹ́rẹ́ fúyẹ́ ti dé kò gbọ́n ju èkejì lọ. Kì í ṣe gbogbo àwo àtijọ́ ni a gbà sílẹ̀ ní ìyípo 78 gan-an ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìyípo bá yàtọ̀, ohùn àgbà yóò di ti ọ̀dọ́. Bí a kò bá sì mọ ohun tí ìwo ń gbé àti ohun tí ó ń pàdánù, a óò ka àìlera ẹ̀rọ sí àìlera akọrin.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Kí a fi abẹ́rẹ́ fúyẹ́ ti ìgbà ìsinsìnyí da ohùn inú àwo tí kò ní èkejì kọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìyípo rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kí a sì tọ́jú ìwo, irin kíká àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí a máa fi àwo tí ó pọ̀ káàkiri fi hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí àwọn baba wọn ti gbọ́ ọ. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ilé-ìwé kò jìnnà sí àpótí mọ́. Olùkọ́ tí ó bá rán ọmọ ilé-ìwé lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà ohun tí ó wà lábẹ́ ibùsùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ohùn àwọn jagunjagun Kírìjì ti lọ, kò sí ẹ̀rọ tí yóò dá a padà. Ti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ṣì wà nínú àwo. Tí ó bá fọ́ lọ́wọ́ wa, a kò ní lè sọ pé ẹ̀rọ kò tíì dé.