Láti Orí Ibùsùn sí Orí Ẹ̀rọ Ìrìn: Ìtàn Iṣẹ́ Onímọ̀ Ìdárayá ní Ilé-Ìwòsàn Amẹ́ríkà

Ìgbà tí ìsinmi jẹ́ oògùn

Ní 1912, James Herrick, oníṣègùn kan ní ìlú Chicago, ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn, ó sì fi hàn pé aláìsàn lè yè é. Ìtọ́jú tó tẹ̀ lé ìmọ̀ yìí ni ìsinmi gidi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dà á dùbúlẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ni yóò wẹ̀ fún un, nọ́ọ̀sì náà ni yóò sì fún un lóúnjẹ. Ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà pé bó bá mira, ojú egbò tó wà nínú ọkàn lè ya. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò kú kò padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí mìíràn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nínú ìwé William Heberden, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1802, ó mẹ́nu ba ọkùnrin kan tí àyà ń dùn, tó ń fi ayùn rẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, tí àìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lára rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ tó di ìlànà ìtọ́jú tó gbilẹ̀.

Ẹ̀rí tó yí èrò padà

Láti 1927 títí di 1947, ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Harvard, tí David Bruce Dill jẹ́ olùdarí rẹ̀, ń wádìí bí iṣẹ́, ooru àti òkè gíga ṣe ń rẹ ara ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tì í, àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tú ká sí àwọn yunifásítì mìíràn, wọ́n sì ń bá ìwádìí náà lọ.

Àwọn dókítà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Ní 1952, Samuel Levine àti Bernard Lown ní Boston kọ̀wé nípa alárùn ọkàn 81 tí wọ́n gbé jókòó sórí àga dípò kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ewu tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jeremy Morris ní London fi hàn pé àìsàn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ju àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ wọn lọ. Awakọ̀ a máa jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ndọ́kítọ̀ a sì máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti Dallas ní 1966. Bengt Saltin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbára ara wọn láti gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lò dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkùnrin kan náà wò lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n rí i pé ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn bà jẹ́ lára wọn ju ohun tí 30 ọdún bà jẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń díwọ̀n ìdárayá

Ó ti hàn pé aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣe ìdárayá, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ti pọ̀ tó? Ní Seattle, Robert Bruce gbé ìlànà kan jáde ní 1963. Aláìsàn á máa rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti pé, ẹ̀rọ náà á yára sí i, á sì tún ga sí i. Ẹ̀rọ mìíràn á máa ṣàkọsílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ní Cleveland, Herman Hellerstein ń fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà yìí ni ilé-ìwòsàn ti nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń ka àwòrán ìlù ọkàn, tó sì mọ bí iṣan àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣe nígbà tí ara bá wà lẹ́nu iṣẹ́: onímọ̀ ìdárayá ilé-ìwòsàn.

Ẹ̀kọ́ oyè kejì

Àwọn dókítà, onímọ̀ nípa ara àti olùkọ́ eré ìdárayá ló jọ dá ẹgbẹ́ American College of Sports Medicine, ACSM, sílẹ̀ ní New York ní 1954. Ní 1975, ẹgbẹ́ náà tẹ ìwé ìlànà àyẹ̀wò àti ìdárayá fún aláìsàn jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1971, Philip Wilson ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìdárayá fún àwọn alárùn ọkàn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Wisconsin tó wà ní La Crosse. Níbẹ̀, àwọn tó ń kàwé gboyè kejì ń kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn gan-an.

Àpẹẹrẹ yẹn ló tàn kálẹ̀. Oyè kejì sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún méjì: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ nípa ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ohun tí oògùn ń ṣe lára ẹni tó ń ṣe ìdárayá. Nínú ìlànà ACSM, ẹni tó ní oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí nílò wákàtí 600 lọ́dọ̀ aláìsàn kó tó ṣèdánwò ìwé ẹ̀rí náà. Ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan nílò 1,200.

Iṣẹ́ àti ipò rẹ̀

Ní 1982, ètò Medicare, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, gbà láti máa sanwó ìdárayá alábòójútó fún àwọn alárùn ọkàn. Iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 1989, àkójọ ìwádìí 22 fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ dín ikú kù ní ìdá 20 nínú 100. Lónìí, àwọn onímọ̀ yìí wà ní ẹ̀ka ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ àti àtọ̀gbẹ. Àwọn mìíràn tẹ̀síwájú gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì di olùkọ́ àti olùwádìí.

Síbẹ̀, òfin kò bá ìmọ̀ náà rìn. Louisiana gbé òfin ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní 1995, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù kò sì tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 2008 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọsirélíà ṣe é yàtọ̀: láti 2006 ni ètò ìlera ìjọba rẹ̀ ti ń sanwó fún wọn tààrà.

Iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là yìí yẹ fún ààbò òfin. Kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́, kó sì yan ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kó lo wákàtí tó pọ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn.