Káàdì Aláwọ̀ Ọsàn

Bí àìsàn kan bá ń mú ọmọ mẹ́wàá tàbí ogún péré lọ́dún ní odindi orílẹ̀-èdè, dókítà kan lè ṣiṣẹ́ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì kó má rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan ò sì lè sọ ohun tó ń fà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àìsàn Reye rí. Lọ́dún 1963, Douglas Reye, dókítà kan ní Sydney, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 21 tí ọpọlọ wọn wú, tí ọ̀rá sì kún inú ẹ̀dọ̀ wọn. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló kú. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá kí ilé ìwòsàn wọn tó rí iye ọmọ yẹn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti ń yá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn líle tàbí chickenpox ni àìsàn náà sábà máa ń mú: yóò máa bì, yóò máa sọ ìsọkúsọ, yóò sì dákú.

Nígbà tí Amẹ́ríkà kà wọ́n kárí orílẹ̀-èdè, ọmọ 555 ni wọ́n rí lọ́dún 1980. Àwọn olùwádìí fi ọmọ tó ní in wé ọmọ tí kò ní in. Ásípírìn tí òbí fi pa ibà fọ́mọ ló ń yọjú ṣáá. Ìkìlọ̀ jáde, òbí gbọ́. Láti 1994 sí 1997, iye ọmọ tí wọ́n rí kò ju 2 lọ lọ́dún kan.

Lọ́dún 1986 tí Bìrìtéènì ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní ásípírìn mọ́ ni àwọn dókítà ọmọdé ibẹ̀ dá British Paediatric Surveillance Unit sílẹ̀. Nígbà náà, lóṣooṣù ni wọ́n máa ń fi káàdì aláwọ̀ ọsàn ránṣẹ́ sí àwọn dókítà àgbà tó ń tọ́jú ọmọdé. Orúkọ àwọn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n wà lára rẹ̀, Reye náà sì wà níbẹ̀. Dókítà yóò kọ iye tó rí. Bí kò bá rí ìkankan, àpótí kan wà fún ìyẹn, yóò fàmì sí i, yóò sì dá káàdì padà.

Àpótí yẹn ló jọ mí lójú jù. Bí dókítà bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé kò rí ọmọ kankan, ó sì lè jẹ́ pé ó gbàgbé ni. Ìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fàmì sí i pé òun ò rí ìkankan la tó mọ̀. Báwo ni à bá ṣe mọ̀ pé àìsàn kan ti ń lọ nílẹ̀ lóòótọ́, pé kì í ṣe àwọn tó ń kà á ló rẹ̀?

Ọsirélíà gba irú ètò yìí lọ́dún 1993, Kánádà lọ́dún 1996.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ṣe ìwádìí àṣekágbá lọ́wọ́, bó bá jẹ́ òdo lẹ rí, ẹ kọ òdo. Ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.