Àkọsídìí Kì í Ṣe Ìbuwọ́lù

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ìfọwọ́sí yín ti tóbi jù, ẹ dín in kù." Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kò sì kọ́kọ́ dá a padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá òun wí fún. Ìfọwọ́sí ni kí bàbá ọmọ gbà pé kí ìgbéyàwó wáyé. Ìfọwọ́sí ni kí gómìnà sọ àbádòfin di òfin. Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń tóbi jù? Ohun tó wà lọ́kàn alábòójútó ìkànnì tó kọ ọ́ ni àwọn ìlà tí ẹ̀rọ máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ ránṣẹ́ lórí ayélujára: orúkọ, iṣẹ́ tó ń ṣe, nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan, nígbà míì àwòrán. Ọ̀rọ̀ kan náà, "signature", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe èyí àti ọwọ́ tí à ń bù lu ìwé àdéhùn, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé àṣìṣe ni, kò sì mọ sórí ọ̀rọ̀ nìkan. Àwọn ìkànnì ń fi òfin dín àwọn ìlà náà kù, àmọ́ òfin tí a kò bá lè dárúkọ ohun tó dè, a kò lè fi mú ẹnikẹ́ni.

Ìtàn ohun náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ orúkọ tó yẹ ẹ́. Ní 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ronú kan Usenet, níbi tí kọ̀ǹpútà kan ti ń gba orí wáyà tẹlifóònù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì. Ẹ̀rọ tó lọ́ra nígbà náà kì í gbé ju nǹkan bí 30 àmì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìlà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àmì 80, àmì 320 nìyẹn, ó sì ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kó tó wọlé tán. Ojú ẹ̀rọ púpọ̀ kò gbà ju ìlà 24 lọ; ẹni tó bá wá to àmì pọ̀ ní ìlà 20 kó lè fi ya idà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìlà 2, ó ti gba ojú ẹ̀rọ mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́. Nígbà tí Sally Hambridge kọ RFC 1855, ìwé ìlànà nípa ìwà tó yẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 1995, ìlà 4 náà ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni àmì tí wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: dáàṣì méjì àti àlàfo kan, lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá rí i mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ fèsì, yóò gé ìyókù dànù. Ẹ gé ìbuwọ́lù kúrò lára ìwé àdéhùn wò: ìwé lásán ló kù lọ́wọ́ yín. Ẹ gé èyí kúrò, ọ̀rọ̀ ò dín.

Àkọsídìí ni mo dábàá pé ká máa pè é. Ohun tí a kọ lé orí ìwé ni àkọlé. Ohun tí a kọ sí ìdí ọ̀rọ̀ ni àkọsídìí. Ẹni tó mọ àkọlé àti àkọsílẹ̀ kò nílò olùkọ́ kó tó lóye rẹ̀. Bí etí ẹnìkan bá kọ "ìdí", kó rántí ìdí igi àti ìdí ọ̀rọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń tijú wọn. Àtakò tó lágbára jù ni pé ìbuwọ́lù ti wà lẹ́nu àwọn kan, àti pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè gba ìtumọ̀ tuntun. Òótọ́ ni, bí ìtumọ̀ méjèèjì kò bá ní pàdé lójú kan. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ń pàdé. Láti ìgbà tí Phil Zimmermann ti gbé PGP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀, jáde ní 1991, ìwé orí ayélujára lè ní ìbuwọ́lù tòótọ́, èyí tí yóò já bí ẹnìkan bá yí lẹ́tà kan péré padà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé kan náà lè ní ìyẹn, kó sì tún ní ìlà mẹ́rin tó ń polówó ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá pe méjèèjì ní ìbuwọ́lù, èwo ni alábòójútó ní ká yọ kúrò? Ẹni tó bá sì ní ká kúkú yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò, ìdàrúdàpọ̀ ọ̀hún náà ló yá.

Àwọn kan yóò ní àwa Yorùbá kò kórìíra orúkọ gígùn, pé oríkì ni ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń ki ni: ìyá, ìyàwó, onílù. Kò sí ẹni tó ń ki ara rẹ̀ tán lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ míì tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni "tóbi". Àkọsídìí lè gùn, ó lè fẹ̀, ó lè wúwo. Àwòrán kékeré lè wúwo débi pé yóò máa jẹ dátà gbogbo ẹni tó bá ṣí ojúewé náà. Ewì ìlà 15 kò wúwo rárá, gígùn ló gùn. Èdè wa ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí òfin náà yà wọ́n. Kí ó sì ṣọ́ra fún "lẹ́tà". Wikipedia, níbi tí mo gbà pé ìbuwọ́lù gan-an ni wọ́n ń ṣe nítorí òun ló ń fi ẹni tó sọ̀rọ̀ hàn, kò gbà ju 255 lọ. 255 kí ni? Ẹ mú "ẹ̀kọ́". Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́ta ni, pẹ̀lú àmì ohùn méjì. Márùn-ún ni ẹ̀rọ kà, nítorí pé nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún àmì ìkọ̀wé ní nọ́ńbà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó fi àmì sórí orúkọ rẹ̀ bó ti tọ́ yóò tètè kan ààlà ju ẹni tó kọ ọ́ láìsí àmì lọ. "Ẹyọ àmì" ni kí a kọ, ká sì sọ pé àmì ohùn wà nínú kíkà.

Ní ti mímú òfin ṣẹ, a ti ní agbófinró, ẹni tó gbé òfin ró kó má ṣubú. Ìgbófinró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi "ìjìyà" bo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà kan rí, inews, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ wọ Usenet, kì í jẹ́ kí àkọsídìí tó ju ìlà 4 kọjá: ìdènà nìyẹn, ẹni tí ẹ̀rọ dá ìwé rẹ̀ padà kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ ni ti alábòójútó tó kọ̀wé síni. Ó sì lè kọ ọ́ báyìí: "Ìlà 9 ni àkọsídìí yín, ìlà 4 ni òfin gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sókè rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀."