Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Pẹjọ́? Ẹjọ́ Adéṣànyà ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àwọn Ìpìlẹ̀ Ètò Ìdájọ́ ní Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Nàìjíríà, yálà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni o tàbí níbòmíràn, tí yóò kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ìpẹjọ́ tí kò ní í ka ẹjọ́ Adéṣànyà. Ẹ̀tọ́ ìpẹjọ́ ni ìbéèrè nípa irú ẹni tí òfin gbà láyè láti gbé ọ̀rọ̀ kan lọ síwájú adájọ́. Abraham Adéṣànyà tó ni ẹjọ́ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Wọ́n bí i ní 1922, ó di agbẹjọ́rò, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí olórí Afẹ́nifẹ́re àti akọni tó kojú ìjọba ológun Abacha. Ẹjọ́ tó pè lọ́dún 1980 ni mo fẹ́ fi ṣe òpó àyẹ̀wò yìí, nítorí pé òun ló jẹ́ ká rí ibi tí ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà àti tiwa ti jọra, àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Èrò mi ni pé nínú gbogbo ohun tó so mọ́ ilé-ẹjọ́, ìbéèrè nípa ẹni tó lè wọlé ló kan mẹ̀kúnnù jù lọ. Ẹ̀tọ́ yòówù kí òfin to jọ sínú ìwé, ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà kò ní í rí ọ̀kan gbà níbẹ̀.

Ẹjọ́ náà lọ báyìí. Ààrẹ Shehu Shagari yan Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey láti jẹ́ alága àjọ FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò nígbà náà. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ní kí Ààrẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin àgbà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Adéṣànyà ta kò ó nínú ilé. Ó ní adájọ́ àgbà Ìpínlẹ̀ Bendel ṣì ni ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n yàn án, òfin kò sì fàyè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin yòókù kò gbọ́ tirẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Ló bá gba kọ́ọ̀tù lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga dá a láre, ó ní ìyànsípò náà kò bófin mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló gbé ìbéèrè mìíràn dìde: kí ló kan Adéṣànyà nínú rẹ̀? Wọ́n ní kò sí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kankan tí ìyànsípò náà pa lára, nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Ní 1981 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fara mọ́ wọn. Bí ẹjọ́ náà ṣe parí nìyẹn, láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bóyá Ààrẹ ṣe ohun tó tọ́ tàbí kò ṣe é.

Abala 6(6)(b) nínú òfin ìpìlẹ̀ ni àwọn adájọ́ gùn lé. Ó sọ pé agbára ilé-ẹjọ́ wà fún yíyanjú ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, tàbí láàárín ìjọba àti ènìyàn, lórí ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ẹni náà. Adájọ́ Mohammed Bello kà á pé bí kò bá sí ẹ̀tọ́ olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, agbára kọ́ọ̀tù kò débẹ̀. Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, Atanda Fatayi-Williams, rí i lọ́nà tó gbòòrò díẹ̀. Òun náà kò dá Adéṣànyà láre, nítorí pé aṣòfin tó ti jiyàn nínú ilé, tí wọ́n sì ti fi ìbò borí rẹ̀, kò yẹ kó tún gbé àríyànjiyàn kan náà wá sí kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, tí ẹ̀yà pọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì pọ̀, bí a bá ń fi àìní ẹ̀tọ́ ìpẹjọ́ lé ẹni tó gbà pé wọ́n ti rú òfin ìpìlẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn yóò sọ ìrètí nù nínú ilé-ẹjọ́. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ yẹn ṣe iyebíye ju ìdájọ́ tó bá a rìn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn kọ́ọ̀tù kéékèèké fi ń lo apá tó le nínú ẹjọ́ Adéṣànyà láti ti ìlẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń gbójú fo ìkìlọ̀ náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin ìpìlẹ̀ wọn, tí wọ́n kọ ní 1787, sọ nínú abala kẹta pé àríyànjiyàn gidi láàárín ẹni méjì ni kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ lè gbọ́, kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí òfin wí. Nínú ẹjọ́ Lujan ní 1992, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ là á sílẹ̀ pé olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun kan pa òun lára ní tòótọ́, pé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ ni ìpalára náà ti wá, àti pé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù lè tún un ṣe. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Robert Byrd, ọmọ ilé aṣòfin àgbà, àti àwọn aṣòfin mìíràn pẹjọ́ tako òfin tó fún Ààrẹ lágbára láti yọ àwọn ìnáwó kan kúrò nínú ìwé ìṣúná tó ti fọwọ́ sí. Ilé-ẹjọ́ dá wọn padà: aṣòfin tí ìbò kò gbè kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ lórí ohun tó pa gbogbo ilé pọ̀. Èyí jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ti Adéṣànyà. Ní 1998, nígbà tí ìlú New York àti àwọn àgbẹ̀ ọ̀dùnkún kan tí owó bọ́ mọ́ lọ́wọ́ gbé òfin kan náà lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì fagi lé òfin náà. Òfin kò yí padà láàárín ọdún kan yẹn, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó mú un wá.

Àtẹ̀gùn àwọn kọ́ọ̀tù

Kí a tó lè fi ẹjọ́ ibí wé tọ̀hún, ó yẹ kí a mọ bí kọ́ọ̀tù wọn ṣe tò. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní kọ́ọ̀tù ìbẹ̀rẹ̀ 94, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn 13, àti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tí adájọ́ mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ọ̀tù tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ orílẹ̀-èdè náà. Lórí òfin ìpínlẹ̀, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ni òpin.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn lórí oko kòkó tàbí igbó gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè bẹ̀rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, kó gba kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìbílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kó sì gun òkè dé Àbújá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ májísíréètì yóò kọjá sí ilé-ẹjọ́ gíga, lẹ́yìn náà á bọ́ sí ọ̀nà kan náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ abẹ́lé tí ì bá tán ní kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo Nàìjíríà ló ń parí rẹ̀ níbí, ó sì lè gbà ju ogún ọdún lọ. Mo gbà pé ẹrù tó wúwo jù nìyí lórí ètò ìdájọ́ wa.

Ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba, ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnìkejì

Níbi méjèèjì, òfin ya ẹjọ́ ọ̀daràn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹjọ́ ara-ẹni. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ń pẹjọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè, ẹlẹ́rìí lásán ni. Ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kò ní í ṣẹ́kù, nítorí pé abala 36(5) nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ka afurasí sí aláìjẹ̀bi títí kọ́ọ̀tù yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ẹjọ́ ara-ẹni, bíi gbèsè tàbí àdéhùn, ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá wúwo ju ti ẹnìkejì ló jàre. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà jọ ló sábà máa ń pinnu ẹ̀bi níwájú adájọ́, ẹjọ́ Ramos ti 2020 sì sọ pé ohùn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, adájọ́ nìkan ló ń darí ẹjọ́, òun náà ló sì ń pinnu ẹ̀bi.

Ìyàtọ̀ yìí kì í yé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnìkan bá jẹ oníṣòwò ní gbèsè, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń gbà lọ, wọn a sì ti onígbèsè mọ́lé. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba ní abala 32 pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ ara-ẹni tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Kọ́ọ̀tù ló ni ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ìtàn baba ńlá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Lórí ilẹ̀ ni òfin wa ti ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi sí ọ́fíìsì ìjọba ni ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́, wọn kì í sì í sábà gba ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Níbí, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 pé ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé ló ṣáájú wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé, ìṣe oní-nǹkan lórí ilẹ̀ náà, gbígbé orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó yí i ká. Abala 66 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fi òǹtẹ̀ lu ìtàn ẹnu fún ilẹ̀ ẹbí àti ti ìlú.

Àgbàlagbà kan láti Òkè-Ṣópẹ́n tàbí Ojówò lè dìde ní kọ́ọ̀tù kó sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ oko dó, àti bí ilẹ̀ ṣe ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ti ọmọ títí ó fi kan òun. Bí àlàfo bá wà níbì kan nínú ìrandíran náà, ẹjọ́ lè bọ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́. Bí ìtàn ìdílé méjì bá sì forí gbárí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jọ òótọ́, adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú ẹlẹ́rìí nìkan yàn. Láti inú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó wá láti Gánà ní 1957 ni a ti mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni a fi ń wọn ìtàn: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ilẹ̀ ẹbí sì ni òwe náà ti ń ṣẹ jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ẹbí láti kọ ìtàn ilẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Omi, ọ̀nà jíjìn, àti ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún wọn

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abigi, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ kì í ṣe àfiwé lásán. Abala 35(5) nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé bí kọ́ọ̀tù tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó bá ọgbọ́n mu. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ McLaughlin ti 1991 fi wákàtí 48 ṣe gbèdéke fún ẹni tí wọ́n mú láìní ìwé àṣẹ, ibi yòówù kó wà. Tiwa ń wo ọ̀nà jíjìn. Kìlómítà tí òfin ń sọ, ọ̀nà tó tọ́ tààrà ni, bí ẹyẹ ṣe ń fò. Ẹni tí wọ́n mú létí ọ̀sà ní Iwopin tàbí Makun-Omi, ojú omi àti ọ̀nà tó yí po ló máa gbà. Ìdúró mi ni pé ìjọba ló yẹ kó ru ẹrù ọ̀nà náà. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kọ́ ló fi kọ́ọ̀tù síbi tó jìnnà.

Ọ̀rọ̀ omi náà ló dá wa padà sọ́dọ̀ Adéṣànyà, sí ìbéèrè nípa ẹni tó lè pẹjọ́, tí ilé-ẹjọ́ ti ń fún ní ìdáhùn tó gbòòrò sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní 1986, agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ó fura sí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà ní 1987 pé nínú ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ni olùṣọ́ arákùnrin rẹ̀. Ní 2009, ìlànà tuntun lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ pé kọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ lé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dànù torí pé olùpẹjọ́ kò ní ẹ̀tọ́ ìpẹjọ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó ń ba àyíká jẹ́ pe NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sínú odò ní Acha ní Ìpínlẹ̀ Abia. Àwọn kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ní kò kàn wọ́n. Ní July 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kàn wọ́n: ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àyíká lè pẹjọ́ fún àwọn tí omi wọn bàjẹ́.

Èyí ni àwọn apẹja létí ọ̀sà Ogun Waterside gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá da ohun olóró sínú omi wọn lọ́la, kò dìgbà tí apẹja kan bá rí owó lọ́yà kí ẹjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ apẹja lè lọ bá ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé tí kò sì lówó lọ́wọ́ lè béèrè fún ìrànlọ́wọ́ Legal Aid Council, àjọ tó ń pèsè agbẹjọ́rò fún aláìní, tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1976. Èdè tó yé afurasí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ka ẹ̀sùn sí i létí. Bí kò bá gbọ́ èdè kọ́ọ̀tù, abala 36(6) nínú òfin ìpìlẹ̀ ní kí ó ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀.