Àtúnmọ Ara, Àtúnmọ̀ Ẹni

Orúkọ tí a kọ́kọ́ fún iṣẹ́ abẹ tí òyìnbó ń pè ní plastic surgery ló ti ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Bí akọ̀ròyìn bá pè é ní "iṣẹ́ abẹ oníke", ẹni tó gbọ́ á rò pé ike ni dókítà ń kì bọ ara èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ti fa orúkọ òyìnbó rẹ̀ yọ, mímọ ló ń sọ, irú èyí tí amọ̀kòkò ń fi amọ̀ ṣe. Àwa tí a gbà pé Ọbàtálá ló ń mọ ẹ̀dá, tí a tún ní Àjàlá tó ń mọ orí, kò yẹ kí a wá ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ abẹ àtúnmọ ni mo ń pè é.

Ẹ̀ka méjì ló ní. Ẹni tí iná jó, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là, ẹni tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjàǹbá mọ́tò, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohunkóhun ò ṣe, tó ní kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn òun kúrò kí wọ́n sì kó o sí ìdí, iṣẹ́ abẹ oge ni tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó kì í fa ọ̀rọ̀ gùn ní tiwọn: "Ó ti lọ ṣe bọ́dì." Mo fẹ́ràn oge nítorí pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tìróò, làálì, osùn, ara fínfín, oge ni gbogbo wọn, òmíràn nínú wọn sì ti ń gba abẹ kí ilé ìwòsàn tó dé ilẹ̀ wa.

Níbi ọ̀rọ̀ inú èèyàn ni iṣẹ́ ìtumọ̀ mi ti le. Nínú èdè wa, ara ni ẹran ara, ara yìí kan náà sì ni èèyàn fúnra rẹ̀. "Ara ń ro mí": egungun àti iṣan ni mò ń sọ. "Mo bi ara mi léèrè": èmi ni. Báwo wá ni èèyàn ṣe fẹ́ sọ ohun tí abẹ tó kan ara ń ṣe fún ẹni tó ni ara?

Mo ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan sí èdè wa, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fún àwọn tó ń múra iṣẹ́ abẹ oge, mo sì ka ìbéèrè kan nínú rẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ṣe irun: "Kí lẹ máa ń rí tí ẹ bá wo dígí?" Ó gbé kóòmù sílẹ̀, ó wo dígí tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Ara mi náà ni." Mo bi í pé ṣé ojú àti ọrùn ló ń sọ ni, tàbí òun alára. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n yàtọ̀ ni?"

Maxwell Maltz, dókítà abẹ ní New York, rí i lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé wọ́n lè yàtọ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1960, Psycho-Cybernetics, ó sọ nípa àwọn tí òun tún imú tàbí àpá wọn ṣe, tí ayé wọn sì yí padà sí rere. Ó tún sọ nípa àwọn mìíràn tí ojú wọn yí padà kedere, tí wọ́n ṣì ń jiyàn pé bákan náà lòun fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó rí fà yọ ni pé èèyàn ní àwòrán ara rẹ̀ kan nínú, tí abẹ ò dé. Bí mo bá wá kọ "àwòrán ara", fọ́tò tí wọ́n ń yà ní ọsibítù ni òǹkàwé máa rò. "Ojú ìwora" ni mo yàn, ìyẹn ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀.

Ìdánimọ̀ náà gba sùúrù. Ìdánimọ̀ tó wà lórí káàdì, ti ẹlòmíràn ni: ohun tí àwọn ará ìta fi ń dá mi mọ̀. Iṣẹ́ tí ilà ojú ń ṣe láyé ogun nìyẹn, tí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ fi ń sọ ibi tí èèyàn ti wá kó tó la ẹnu. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ilà sára ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí olóòlà ti kọ ṣáájú ṣì wà láàárín wa, àwọn kan nínú wọn sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn pa á rẹ́. Ẹni tí wọ́n fi pélé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó rí ẹni tó ti ń wá tipẹ́. Ó sì lè dìde kó máa wá ojú bàbá rẹ̀ lójú ara rẹ̀, kó má rí i. Ìdánimọ̀ nìkan ò lè gbé èyí. Ìdára-ẹni-mọ̀ ni mo ń pè é, mo sì bẹ àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n má yọ àmì orí rẹ̀, torí láìsí àmì, ohun tí dókítà mọ àti ohun tí alára mọ̀ á di ọ̀kan náà lórí ìwé.

Àìsàn kan wà tí mi ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ rẹ̀. Enrico Morselli, dókítà ará Ítálì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1891. Ẹni tó ń ṣe á máa rí àléébù kan lára rẹ̀ tí ẹlòmíràn ò rí, tàbí tí wọ́n kà sí ohun kékeré. Á dúró níwájú dígí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí kó máa sá fún dígí pátápátá. Abẹ kì í sábà wo ó sàn. Bí wọ́n bá tún imú ṣe tán, ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí àgbọ̀n. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti àwọn oògùn kan tí wọ́n tún ń lò fún ìsoríkọ́. Mo ti gbọ́ "wèrè ẹwà" rí, inú sì bí mi, nítorí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àìsàn ìrábùkù-lára ni mo kọ. Àléébù àti ìtìjú rẹ̀ ló jọ wà nínú àbùkù, ìtìjú yẹn gan-an ló sì ń jẹ aláìsàn náà lọ́kàn.

Ó ku àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ojú wú, tí ara dúdú níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti sun sábẹ́ awọ, tí ẹkún sì ń gbọ̀n ẹlòmíràn láìnídìí. Ó máa ń kọjá lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ti ba ayé òun jẹ́. "Ìgbà àjòjì ojú" ni mo pè é nínú ìwé ìbéèrè náà. Mo sì ní kí wọ́n gbé àlàyé rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí aláìsàn ti kà á kó tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé abẹ.