Kí A Tó Háyà Sípíkà: Ìtàn Orin Tí À Ń Jókòó Tì Gbọ́

  Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo gúrúùpù wa: sípíkà mélòó ni a máa háyà fún Ọjọ́ Ìlú? Àwọn kan ní mẹ́rin ti tó. Àwọn kan ní mẹ́jọ ni ìlú kejì lò lọ́dún tó kọjá, pé a ò gbọdọ̀ kéré sí wọn. Mo ka gbogbo rẹ̀, n kò fèsì. Èsì mi nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. A pe bàbá wa alágídìgbo pé kí wọ́n wá ṣeré. Wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé agídìgbo lé itan. Àwọn tí a háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn gbé máìkì kan síwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò pa orin DJ, wọ́n ní kí pápá má bàa dákẹ́. Bàbá ta irin, a ò gbọ́. Wọ́n la ẹnu, ẹ̀rọ hó fíìì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi gbé agídìgbo wọn há abíyá, wọ́n kọrí sílé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Èmi ni mo lọ mú wọn wá láti ilé, èmi náà ni mo tẹ̀lé wọn padà, gbogbo ọ̀nà yẹn, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí orin wa ṣe ń jẹ́ gbígbọ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ jẹ́ kí a gba Èkó lọ, torí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ pọ̀ sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, oríṣiríṣi ènìyàn ló kún erékùṣù Èkó. Àwọn Sàró wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ti Sàró padà wálé. Àwọn Àgùdà wà níbẹ̀, àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà. Àwọn Krúù náà ń wọlé, àwọn atukọ̀ láti Làìbéríà. Krúù ló ń gbé gìtá lọ gbé gìtá bọ̀ ní gbogbo èbúté ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta á, tí ẹyọ gìtá kan á máa dún bíi méjì. Àwọn Àgùdà ní tiwọn ní sámbà, ìlù onígun mẹ́rin tí a fi pákó ṣe. Òun ni wọ́n ń lù sí orin asíkò, pẹ̀lú ayùn káfíńtà tí wọ́n ń ha. Bẹ́ẹ̀ ni o, ayùn tí a fi ń rẹ́ pákó!

Ibi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé ni ìdí ẹmu. Ẹ má fojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá o. Ẹ fojú inú wo bẹ́ǹṣì méjì mẹ́ta, akèrègbè, ènìyàn tó dé láti ibi iṣẹ́, ẹnì kan tó ń ta gìtá, ẹnì kejì tó ń fi ìṣó lu ìgò. Torí ẹmu yìí ni àwọn òyìnbó ṣe ń pe irú orin náà ní palmwine.

Ní àdúgbò Olówógbowó, láàárín àwọn ọmọ Sàró, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jáde, Tunde King. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i, ìyẹn ni pé nígbà tó ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ṣeré, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tàwa ẹ̀ka ọ̀dọ́ lọ. Báńjò ló ń ta, ohun èlò olókùn tí ojú rẹ̀ jẹ́ awọ bíi ti ìlù. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ó ra tambourine kan, ìlù pẹlẹbẹ tí irin wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká, lọ́wọ́ àwọn ìjọ Salvation Army, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lamidi George. Lamidi ò kàn lù ú lásán, á jù ú sókè, á yí i lófuurufú, á hán an, á tún jù ú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní jùjú. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin Tunde King sínú àwo. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé orúkọ oògùn ni "jùjú" yìí, ẹ wo bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣeré ṣe sọ orin lórúkọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni iye wọn. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo ẹgbẹ́: báńjò, jùjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń gbè. Ẹ̀yìnkùlé àti pálọ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré fún àwọn tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ, tàbí tó ń ṣe òkú. Kò sí gángan nínú rẹ̀ rárá. Èyí yà mí lẹ́nu gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí èmi ò lè ronú jùjú láìsí gángan. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: báńjò àti ohùn ènìyàn kan ṣoṣo, tí wọ́n bá fi gángan kan sí i, ta ló máa gbọ́ báńjò mọ́? Bí yàrá ṣe tó ni wọ́n ṣe to orin. Olórin mọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ó mọ oríkì ilé rẹ̀, ẹni náà sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ dé orí ìparí.

Ogun òyìnbó kejì wá dé, nǹkan sì yí padà. Tunde King wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, 1954 ló tó padà wá sí Èkó. Kó tó dé, ohun méjì ti ṣẹlẹ̀. Ní 1948, Akanbi Ege gbé gángan wọ inú jùjú. Ní 1949, Ayinde Bakare so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ara gìtá onípákó rẹ̀, iná wọ inú orin. Ẹ wò ó bí ọ̀kan ṣe pe èkejì: ẹ̀rọ ló jẹ́ kí gìtá lè dúró ti gángan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni mí o. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, gángan ì bá má ráyè nínú jùjú, Ebenezer Obey àti Sunny Adé kì bá sì dún bí wọ́n ṣe dún. Mo fẹ́ràn wọn. Àwo Obey ló ń jí wa ní ilé wa láràárọ̀ Sátidé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá ti lè dún, ìlù náà pọ̀ sí i. Nígbà tí ìlù pọ̀ sí i, a fi gìtá kún gìtá. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin di ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ti Sunny Adé sì súnmọ́ ogún nígbà tó ń káàkiri ilẹ̀ òyìnbó ní àwọn ọdún 1980. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó báyìí, yàrá wo ló máa gbà á? Bí òde ṣe ń fẹ̀ sí i ni ọ̀nà láàárín olórin àti ẹni tó ń gbọ́ ọ ń jìn sí i, títí ó fi dé orí tiwa, tí ènìyàn á jókòó sábẹ́ kánópì, tí àyà rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí kò sì ní lè sọ ohun tí olórin sọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gba ọ̀nà yẹn. Haruna Ishola, bàbá àpàlà, kò fi gìtá sí tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1983. Agídìgbo, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn agberin, ó parí. Ó máa ń jókòó ni, ọ̀rọ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ń torí rẹ̀ wá. Yusuf Olatunji náà di sákárà àti gòjé mú ní Abẹ́òkúta títí di 1978 tó kú. Sákárà yẹn, òrùka amọ̀ tí a fi awọ bò ni, ẹ̀yin tí ẹ bá fọwọ́ kàn án rí á mọ̀ pé kì í pariwo, ṣe ló máa ń sọ̀rọ̀. Ìgbádùn àwọn baba yìí kò ní ariwo nínú, wọ́n sì lówó lọ́wọ́, wọ́n sì gbajúmọ̀.

Ẹni tó wù mí jù nínú gbogbo wọn kò tilẹ̀ ní ẹgbẹ́. Benjamin Aderounmu, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro. Kò fojú rí. Tambourine kan ṣoṣo ló ní, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri ìgboro, ó ń kọrin, àwọn ènìyàn á yí i ká. Orí rẹ̀ ni Cyprian Ekwensi gbé ìwé The Drummer Boy lé, èyí tó jáde ní 1960. Bí a bá ka iye ẹni tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kò lè kún gbọ̀ngàn wa. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn bàbá tó gbé Èkó láyé ìgbà náà, wọ́n á kọ orin rẹ̀ fún yín.

Ti Fatai Rolling Dollar ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Obey ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó wá di ẹni ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí àwọn ará Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo orin kan ní Ìkòyí, wá a jáde, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí àwọn ọmọ ọjọ́ orí mi ń jó "Won Kere si Number". Wọ́n kó àwọn àgbà olórin bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n pè wọ́n ní Fààjì Àgbà, Remi Vaughan-Richards sì ṣe fíìmù nípa wọn. Ọdún 2015 ni fíìmù náà jáde. Ọdún 2013 ni Bàbá Fatai kú.

Ẹ padà wá sílé báyìí. Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá wa alágídìgbo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, nítorí ti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbé agídìgbo jáde láti abẹ́ ibùsùn, wọ́n fi aṣọ nù ún. Irin kan ti ṣẹ́ lára rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó máa ń bá wọn rọ ọ́ ti kú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, mo ka ọmọ ọmọ wọn àti ìyàwó ilé tó ń bó ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ orin kan lórí bí wọ́n ṣe la ọ̀nà ọjà wa, wọ́n dárúkọ àwọn tó gbé ọkọ́, ilé dé ilé. Orúkọ bàbá bàbá mi wà níbẹ̀. N kò mọ̀ rí. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ orin náà ní ìlú yìí, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ agídìgbo lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ háyà sípíkà yín fún Sátidé, iye tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa ní alẹ́ Jímọ̀, ní àgbàlá ilé ìpàdé, ìjókòó ọgọ́rùn-ún péré, kò sí DJ, kò sí máìkì. Bàbá alágídìgbo, àwọn ìyá wa tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní òkè ọjà, àti gìtá ọmọ wa kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìjókòó ọgọ́rùn-ún kéré, pé ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé kò ní ráyè. Òótọ́ ni. Ká ṣe é lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti alẹ́ Jímọ̀ nígbà náà, kò ná wa ju àga àti omi mímu lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, owó alágbẹ̀dẹ tó máa tún irin agídìgbo ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Àwọn ọmọ méjì ti sọ pé àwọn máa lọ kọ́ ọ, mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí àwo àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó jọ̀ọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ọjọ́ Àìkú ni ìgbìmọ̀ máa dìbò lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Mo bi bàbá bóyá wọ́n á wá tí a bá gbà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé èmi lẹ̀ ń pè lọ́tẹ̀ yìí, àbí máìkì?" Mo ní àwọn ni, bàbá. Wọ́n ní kí n padà wá fún wọn lésì ní ọjọ́ Ajé.